Ilẹ̀ Pupa Níwájú, Àkùrọ̀ Lẹ́yìn

Awakọ̀ ọkọ̀ tí ń fa sókàwéè ló là mí lójú. Inú òjò oṣù Keje ni. Òjò náà ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sì ti kọṣẹ́. Bí ẹ bá da omi sí i, á kọ́kọ́ yí bírí, á wá gòkè padà bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọkùnrin náà ki rọ́bà gbọọrọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ bọ inú kòtò, ẹ́ńjìnnì ń ké, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì bo imú. Nígbà tó yá, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ̀ba wo inú kòtò. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, ẹ wá wò ó o."

Mo yọjú. Ẹ̀gbin ti tán nínú kòtò, ṣùgbọ́n omi ń sun láti ara ògiri rẹ̀, láàárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù, omi tó mọ́ bí omi kànga. Bí a ṣe ń wò ó ló ń ga sí i.

"Omi abẹ́ ilẹ̀ lẹ ń sanwó fún mi pé kí n máa kó," ó ní. "Bí mo bá fà á dọ̀la, kò lè tán. Ọ̀sà lẹ ní kí n fà gbẹ yìí, sà."

Ìgbà kejì tí mo pè é láàárín oṣù méjì nìyẹn. Mi ò ní í kọ iye tí mo ti san síbí, torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Ilé wa wà nísàlẹ̀ Ìgbógbó, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sọ́nà Báyékù àti ọ̀sà. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú dáadáa mọ̀ pé orí ilẹ̀ pupa ni ìlú náà jókòó sí. Ẹ máa bọ̀ láti Ṣàgámù, ẹ gba Ògijo, ẹ kọjá Odógunyàn, títí ẹ ó fi wọ ìgboro, pupa ni. Eruku rẹ̀ ló ń kun ẹsẹ̀ ògiri gbogbo ilé dé ìwọ̀n orúnkún, òun ló ń ba ìbọ̀sẹ̀ funfun àwọn ọmọ iléèwé jẹ́ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kúrò lórí òkè náà, tẹ́ ẹ kọjú sómi, ìbáà jẹ́ ọ̀nà Ìpakodò, ìbáà jẹ́ Ìbeṣè tàbí Májídùn, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ dà. Pupa á di rúsúrúsú, rúsúrúsú á di aláwọ̀ eérú, yóò wá di dúdú tó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà. Ibẹ̀ ni ọ̀pẹ ògùrọ̀ ń hù. Ibẹ̀ ni kókò ti ń gbádùn ayé ẹ̀.

Ààlà gan-an ni ilẹ̀ tèmi bọ́ sí. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni, 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 60 lóròó. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa pọ́ńbélé. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀ tí àwọn tó tà á ti fi iyanrìn dí, tí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ débi tí ojú ò fi lè dá a mọ̀. Oṣù Kìíní ni ajẹ́ńtì mú wa débẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ lulẹ̀, gbì, gbì, gbì.

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń dún, ọ̀gá? Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Omi ò dé ibí rí."

Iwájú ló dúró sí. Nígbà yẹn, mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Ilẹ̀ pupa yìí, àwa tá a bá a dàgbà kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Irin ló mú un pọ́n. Òjò tó ti ń rọ̀ lé e lórí láti ayébáyé ti fọ àwọn èròjà tó tètè ń yòrò kúrò nínú rẹ̀, irin àti amọ̀ ló ṣẹ́ kù, atẹ́gùn sì mú irin náà dógùn-ún. Ohun tó ń ṣe ìṣó tí ẹ gbàgbé síta náà ló ń ṣe gbogbo ilẹ̀ Odógunyàn. Amọ̀ inú rẹ̀ kì í wú púpọ̀ bí òjò bá rọ̀, kì í sì í fún jọ púpọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìdí nìyẹn tí ilé fi máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀. Amọ̀ yìí náà làwọn baba wa fi ẹsẹ̀ pò tí wọ́n fi mọ ilé. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, orí òkè ni. Ìsàlẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, fún ògùrọ̀, fún ẹja. Kì í ṣe pé wọn ò rí i. Àwa tá a wá dé lẹ́yìn tí òkè ti kún la wá ń kọ́lé sínú oko ẹ̀fọ́ wọn.

Èyí tó dúdú ọ̀hún, ewé àti gbòǹgbò tó ń jẹrà sínú omi láti ìgbà pípẹ́ wá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bíi fóòmù ibùsùn ló rí. Ẹ gbé ẹrù lé e, á wọlẹ̀, kò sì ní í wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sinmi. Ọdún dé, ọdún lọ, ó ń wọlẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n fi dí i gan-an, ẹrù ni lórí rẹ̀. Iyanrìn kò burú bí wọ́n bá dà á ní ìpele ìpele, tí ìpele kan ò ju bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kì kí òmíràn tó gùn ún. Tèmi, típà ló dà á sílẹ̀, tí katapílà fi irin gbá a kiri, ó parí.

Bíríkìlà mi kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Mo ní láti sọ ìyẹn, torí pé gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, bíríkìlà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bú. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ló ṣe. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níwájú, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́yìn. Ìwọ̀n kan náà, gígùn irin kan náà, sìmẹ́ńtì kan náà, sórí ilẹ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà ti sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò. Ìjọba Èkó ní iléeṣẹ́ kan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Lagos State Materials Testing Laboratory, àwọn aládàáni tó ń ṣe é náà sì wà. Wọ́n á ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kọ bí ilẹ̀ ṣe ń tako irin náà sí, títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ líle. Mo ní ilé alájà ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún. Èmi tó jẹ́ ilé ilẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́. Mo fi owó náà ra táìsì tó dán síi fún páálọ̀.

Oṣù Kejì la gbẹ́ kòtò sókàwéè, sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ni gbogbo ènìyàn ń fi í sí. Ọjọ́ náà ni ìyá ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni wọ́n, wọ́n ti dá oko létí àkùrọ̀ kí n tó mọ ọmọ wọn rárá. Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, wọn ò wo ilé, wọn ò wo àwọn òṣìṣẹ́. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú jáde ni wọ́n lọ bá. Wọ́n mú ògúlùtu kan, wọ́n fọ́ ọ sí méjì lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ yìí ń mumi."

Mo wò ó. Àwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú àmì pupa tótòtó lára rẹ̀ bí ara ẹtù.

"Màmá, ẹ bojú wo inú kòtò, ó gbẹ."

"Ó gbẹ lónìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ bu oúnjẹ.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó mọ ohun tí wọ́n rí. Níbi tí atẹ́gùn bá ti ń wọ inú ilẹ̀, irin á pọ́n. Níbi tí omi bá dúró sí fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, atẹ́gùn á tán níbẹ̀, irin á yòrò, á bá omi lọ, ilẹ̀ á sì ṣẹ́ kù ní àwọ̀ eérú. Àwọn àmì pupa tótòtó yẹn ni ojú ihò gbòǹgbò tí atẹ́gùn díẹ̀ ń gbà wọlé bí omi bá fà. Ìyẹn ni pé ibi tí àwọ̀ eérú ti bẹ̀rẹ̀ lára ògiri kòtò, ibẹ̀ ni omi máa ń gùn dé nígbà òjò, ìbáà jẹ́ pé inú ẹ̀ẹ̀rùn lẹ gbẹ́ ẹ. Nínú kòtò tèmi, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sísàlẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Kòtò náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ló wà nínú omi kí a tó kó wọlé rárá.

Ohun tí àwa ń pè ní sókàwéè lẹ́yọ kan, nǹkan méjì ni. Táǹkì kan wà tó ń kọ́kọ́ gba ìgbẹ́. Èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, àwọn kòkòrò tíntìntín á máa jẹ ohun tó rì, omi àárín á sì ṣàn kọjá sínú kòtò kejì. Kòtò kejì yìí ni sókàwéè gan-an, ilẹ̀ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ló ń mu omi náà, ilẹ̀ tó gbẹ, tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, ló ń sẹ́ àrùn kúrò nínú rẹ̀ bó ṣe ń rọra lọ sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ki, kò ní í mu ún, á kún padà sílé. Bó bá jẹ́ iyanrìn lásán, á sáré kọjá, kò ní í ráyè sẹ́ ẹ. Bí ìdí kòtò bá sì wà nínú omi, ọ̀rọ̀ sísẹ́ ti parí nìyẹn. Ìgbẹ́ àti kànga ti di ìbátan. Gbogbo owó tí mò ń san fún ọkọ̀ yẹn, bíi kéèyàn máa fi abọ́ gbọ́n odò Májídùn ni.

Aládùúgbò mi ìsàlẹ̀ tún sàn jù mí lọ nínú ẹ̀rín. Táǹkì oníke ni òun rà, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà búlọ́ọ̀kù. Lọ́dún kan, ní àárín oṣù Kẹsàn-án, ó pe ọkọ̀ kó wá fà á. Wọ́n fà á tán pátápátá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, táǹkì ti gbé ara rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, ó fa páìpù já, ó yọrí síta bí erinmi. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló tì í jáde. Èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ti sanwó kí wọ́n kó o lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó 30 mítà. Mo gbé téèpù. Ilẹ̀ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 60, mítà 18 lé díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun kejì tó kọjú sí i, níbi tó gùn jù lọ, kò tó mítà 26. Ẹ kó kànga sí igun kan, ẹ kó sókàwéè sí igun kejì, ẹ kọ́ ilé yín sáàárín, kò tíì tó. Ìyẹn ká tó dórí aládùúgbò, torí sókàwéè tirẹ̀ lè jẹ́ mítà mẹ́rin sí kànga yín, fẹ́ǹsì ò sì dí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́nà. Ní àdúgbò wa, púlọ́ọ̀tì wà tí wọ́n pín sí mẹ́ta. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn?

Láti ọjọ́ náà la ò ti mu omi kànga wa mọ́. Ìfọṣọ àti ẹ̀fọ́ là ń lò ó fún. Bọ́hólù jíjìn la wá gbẹ́ síwájú, tí wọ́n ki páìpù gba gbogbo ìpele òkè kọjá kí omi òkè má bàa ráyè wọ̀ ọ́. Òun náà mú tirẹ̀ wá. Omi á jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí á mọ́ gaara. Ẹ fi sílẹ̀ nínú báàfù mọ́jú, á ti di àwọ̀ tíì. Irin inú ilẹ̀ yẹn náà ni. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí kò sí atẹ́gùn, ó yòrò sínú omi, a ò lè rí i. Bó bá ti kan atẹ́gùn lókè, á dógùn-ún lójú wa. Léèsì funfun tí ìyàwó mi fẹ́ wọ lọ síbi ìsìnkú kan ló fi sọ fún wa. Ohun tó yanjú rẹ̀ kò le. A jẹ́ kí omi máa já láti òkè gba ojú ihò wínníwínní wọ táǹkì kan, kó fẹ́ atẹ́gùn, kí irin rì, ká tó gba orí iyanrìn sẹ́ ẹ sínú táǹkì kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ilé.

Ọdún kejì tá a kó wọlé ni ògiri sán. Kì í ṣe irú àlà tín-ín-rín tí ìrẹ́lé máa ń là bí ó bá gbẹ jù. Èyí bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé ilé ìdáná, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, búlọ́ọ̀kù kan sọ́tùn-ún, búlọ́ọ̀kù kan sókè, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Lókè pátápátá, kọ́ínì náírà kan wọ inú rẹ̀. Kunlékunlé wá, ó fi sìmẹ́ńtì dí i, ó kùn ún. Òjò kan tó tẹ̀ lé e, ó tún là. Pásítọ̀ wa ní ká gbàdúrà. A gbà á. Ọ̀rẹ́ mi ẹnjiníà ní kí n lẹ dígí tín-ín-rín kan mọ́ ojú àlà náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí n kọ ọjọ́ sí i. Bí dígí bá ṣẹ́, ilé ń rìn. Oṣù Kẹta ni mo lẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, ó ṣẹ́.

Ẹ̀fọ́ ló fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn mí. Ìyá ìyàwó mi ti ń gbé pẹ̀lú wa nígbà náà, wọn ò sì lè rí ilẹ̀ kí wọ́n má kọ ọ́. Àwọn àgbà máa ń ki ilẹ̀ ní ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ó sì dà bíi pé Màmá gbà pé irun àgbàlá wa ti kún jù. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, láti géètì títí dé ẹ̀yìn, wọ́n gbin ewédú lọ gbọọrọ ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà, omi kan náà. Níwájú, wọ́n ti da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ dáadáa sí i. Wọ́n da ìwọ̀n kan náà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo jáde lówùúrọ̀ láti fọ ẹnu. Ewédú iwájú ti tó mi ní itan, ó dúdú bọ̀lọ̀jọ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ bọ̀ látọ̀dọ̀ géètì, ó dé ibì kan, ó gé. Láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, kò ju ìka lọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn ti wọ̀wé. Ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kan náà ni wọ́n ti gé, bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, mo gbójú sókè. Fèrèsé ilé ìdáná ni. Àlà ògiri wà lókè orí ewédú tó gé náà gan-an.

Mo pe Màmá.

"Ibẹ̀ ni iyanrìn wọn bẹ̀rẹ̀," wọ́n ní. "Iyanrìn kì í mú nǹkan dání. Gbogbo oúnjẹ tí mo fún un, òjò ti fọ̀ ọ́ lọ."

"Màmá, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pupa fún ẹ̀fọ́ tún yàtọ̀ sí ti ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń yìn ín jù. Ilẹ̀ tó gba ilé dúró lè má bọ́ ẹ̀fọ́. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu, irin inú rẹ̀ sì máa ń di àwọn èròjà kan mú tí gbòǹgbò ò fi ní í rí wọn gbà. Ẹ̀gẹ́ ò bìkítà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i níbi gbogbo, àní nínú ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kì í fara da ebi bẹ́ẹ̀. Eérú igi ló ń pa ìkan ilẹ̀ náà, bí ẹni da káún sí ọbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí tó tutù, jíjó ló máa jó o. Èmi ti fi ata mẹ́rìnlá kọ́ ìyẹn.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ẹ bá bu sí i á lọ kí ẹ tó gbé korobá sókè. Nígbà òjò, omi abẹ́ á gòkè wá bá gbòǹgbò, á fún un lọ́rùn. Ata á rọ wọnjọ nínú omi bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ, aláìmọ̀kan á sì tún bu omi sí i, torí mo ti bu ú. Màmá ò bá a jà. Wọ́n kọ ebè gíga síbẹ̀, wọ́n fi ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀, wọ́n gbin ata àti ilá sórí, wọ́n fi kókò sínú poro. Níbi sókàwéè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà nìkan ni wọ́n gbà láàyè, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mu omi bí ẹní mu ẹmu, èso rẹ̀ sì wà lókè réré. Ewé tí wọ́n ń já jẹ, wọn ò gbìn ín síbẹ̀. Gbúre kan hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún kan, ó tóbi, ó ń dán. Ìyàwó mi fẹ́ já a. Màmá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tó tún hù fúnra rẹ̀ ni ọ̀dú, lẹ́bàá ibi tá a ń da èèpo iṣu sí, níbi tí ilẹ̀ pupa àti dúdú ti pò mọ́ra. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ ìlú wa, pé Oko Ọ̀dú ni kó tó di Ìkòròdú. Màmá já a, wọ́n fi se ẹ̀fọ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti jẹ èyí tó korò dáadáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ f'ólóko. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n, mo ti fi ọkọ́ gé e lẹ́ẹ̀mejì rí, mo rò pé igbó ni.

Àtúnṣe tí a ṣe kò rẹwà. Ẹnjiníà gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn wò ní apá kan sí òmíràn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì da kọnkéré kún abẹ́ rẹ̀ níbi tó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Gbogbo omi apá kan òrùlé wa ló ń dà sí igun yẹn, ọdún mẹ́rin gbáko, ó ń fọ iyanrìn wínníwínní kúrò lábẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀. A fi páìpù gbé e lọ sójú gọ́tà. Dígí kejì tí mo lẹ̀ ṣì wà lódindi títí dòní.

Ti sókàwéè, mo kọ́kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mumi. Mo gbẹ́ ihò méjì, ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lápá iwájú. Mo kún wọn fómi lálẹ́ kí ilẹ̀ lè mu yó, mo tún kún wọn láàárọ̀, mo ki igi tí mo fàlà sí bọ inú wọn, mo jókòó ti fóònù mi. Ti iwájú ń fi íǹṣì kan lọ sílẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú méjìlá. Ti ẹ̀yìn ò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti ga ju àlà tí mo fà lọ. A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Dípò kòtò jíjìn, yàrà gígùn la gbẹ́, tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, a kó gíráńáìtì sí i, a bò ó. Yàrà tó gùn tí kò jìn máa ń jìnnà sómi abẹ́ ilẹ̀, ó sì ní ara púpọ̀ tó fi ń kan ilẹ̀. Páìpù tó ń bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gùn tó mítà méjìlá, a sì jẹ́ kó fi 30 sẹ̀ǹtímítà dà gẹ̀rẹ́. Awakọ̀ yẹn pè mí lóṣù Keje tó tẹ̀ lé e láti béèrè àlàáfíà mi. Mo mọ ohun tó ń béèrè.

Ní oṣù Kìíní tó kọjá, ẹnì kan ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ọmọkùnrin dáadáa ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo gbé dígà mi lọ bá a. Mo gbẹ́ ihò kan fún un ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, òógùn bò mí. Mo mú ògúlùtu kan jáde, mo fọ́ ọ sí méjì, mo nà án sí i. Àwọ̀ eérú, àmì pupa tótòtó. Mo ṣàlàyé títí. Ó gbọ́, ó ń mi orí, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Dádì." Ó gba ògúlùtu náà lọ́wọ́ mi tọwọ̀tọwọ̀, ó wò ó, ó rọra fi í sílẹ̀.

Ó wá rìn lọ síwájú, níbi tó ga díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì ní ilẹ̀ gbígbẹ ni, sà," ó ní. Ó sì fi gìgísẹ̀ lulẹ̀.

Ó dún.